Ènì Ọlọ́jà àti Àsansílẹ̀ Oníjíìmù

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọjà ni, ṣùgbọ́n ó kan ara, ó kan àpò, ó sì kan ìwà tí ènìyàn ń hù sí ẹnì kejì rẹ̀. Kí a tó dé ibi tí a ń lọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí ìsọ̀ àwọn aláàárí.

Gbogbo ẹni tí ó ti ra gàrí rí ní ọjà Ìlọ́fà tàbí ní ọjà Òsì ni ó mọ ohun tí à ń pè ní ènì. Bí ẹni tí ń tà bá ti wọn gàrí tán, tí ó ti da ti ìkẹyìn sínú àpò oníbàárà, yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lórí. Kò gba owó fún èyí, òfin kan kò sì fi ipá mú un ṣe é. Síbẹ̀, bí ó bá gbàgbé, oníbàárà yóò dúró, yóò sì wí pé, "Ìyá, ènì mi dà?" Àwọn méjèèjì yóò rẹ́rìn-ín, ìyá náà yóò sì bu ọwọ́ bọ inú igbá. Ẹ̀kúnwọ́ gàrí kan kò lè sọ ẹni tí ó gbà á di ọlọ́rọ̀, kò sì lè sọ ẹni tí ó fi í tọrẹ di òtòṣì. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun kan tí ẹnu kò sọ. Ó ń wí pé, "Mo fẹ́ kí o tún padà wá."

Ẹ fi gbólóhùn yìí sí ọkàn, nítorí òun ni a óo fi wọn gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kù. Ọlọ́jà tí ń fún ni ní ènì ń fẹ́ kí oníbàárà padà. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ ìròyìn ọjà kan rí, níbi tí ọlọ́jà ti ń fi inú gbàdúrà pé kí ẹni tí ó ti sanwó má ṣe wá gba ohun tí ó rà?

Irú ọjà bẹ́ẹ̀ wà, ó sì ti ń súnmọ́ wa. Jíìmù ni orúkọ rẹ̀, èyíinì ni ilé ìdárayá tí a kó irin àti ẹ̀rọ sí, níbi tí ènìyàn ń lọ láti gbé irin sókè sódò, tàbí láti sáré lórí ẹ̀rọ tí kì í kúrò lójú kan, kí iṣan ara rẹ̀ lè le, kí ọ̀rá ara rẹ̀ sì lè dín. Ní ìgbà kan, láti ìlú ńláńlá bí Èkó àti Ìbàdàn ni a ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Màlété, ti ní ẹ̀ka ní Òsì, àwọn ọ̀dọ́ ń wọ agbègbè wa, olúkúlùkù ẹni tí ó sì ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ ń ro ohun tí òun lè tà fún wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ń ro èrò yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó wá sí ọ̀dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi dáradára, lẹ́yìn náà ni ó fa ìwé kan yọ, nínú èyí tí ó ti ṣe ìṣirò gbogbo ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ó fẹ́ gba yàrá kan ní Òsì, kí ó sì ra ẹ̀rọ díẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó, ó sì fẹ́ kí n yá òun ní èyí tí ó kù. Ìyá rẹ̀, tí ó wà ní ọ̀dọ̀ mi ní ọjọ́ náà, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Mo wo ìṣirò rẹ̀. Yàrá náà kò lè gbà ju ènìyàn mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni àwọn ènìyàn sì máa ń ráyè. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ pé òun yóò gba oníbàárà 150, tí olúkúlùkù yóò san N8,000 ní oṣù, owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wí pé, "Ọmọ mi, báwo ni 150 ènìyàn yóò ṣe wọ inú yàrá yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Bàbá, wọn kò ní í wá. Ní oṣù kìíní, gbogbo wọn yóò wá. Bí ó bá di oṣù kẹta, bí ọgbọ̀n ni yóò kù. Ọgọ́fà tí ó kù yóò jókòó sílé, ṣùgbọ́n wọn yóò ti sanwó. Inú ibẹ̀ ni èrè wà. Bí gbogbo jíìmù ti ń ṣe nìyẹn."

Nígbà náà ni ìyá rẹ̀ gbé orí sókè kúrò lára ẹ̀wà. Ó ní, "Ó dára. Ọ̀kan nínú ọgọ́fà náà ni èmi."

Ilé pa rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní lọ́kàn, ó tọ́ kí n jẹ́rìí sí i pé ọmọ náà kò purọ́ nípa bí òwò yìí ti rí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wo ìwé ìwọlé oníbàárà 7,752 ní ilé ìdárayá mẹ́ta fún ọdún mẹ́ta. Àwọn tí ń san owó oṣù, èyí tí ó lé ní dọ́là 70, kò wá ju ìgbà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ nínú oṣù. Bí a bá pín owó náà sí iye ìgbà tí wọ́n wá, ó lé ní dọ́là 17 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà mẹ́wàá wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí ìbá ná wọn ní dọ́là 10 péré fún ìgbà kan. Nígbà tí a sì bi àwọn kan léèrè iye ìgbà tí wọ́n rò pé wọn yóò máa lọ, iye tí wọ́n dá fi ìlọ́po méjì ju iye tí àwọn ènìyàn ń lọ gan-an.

Ẹ kò rí nǹkan bí? Kì í ṣe pé oníbàárà jẹ́ òmùgọ̀. Ọjọ́ tí ènìyàn bá fẹ́ sanwó jíìmù, ọkàn rẹ̀ gbóná. Ó ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tí yóò jí ní ìdájí lójoojúmọ́. Ìrètí rere ni ó ń rà. Olówò tí ó mọ̀ pé ìrètí yìí kò ní í pẹ́, tí ó sì sáré gba owó ọdún kan kí ó tó rọ, ìrètí oníbàárà rẹ̀ gan-an ni ó ń jẹ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ gíga. Ilé iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Ashbourne, tí ó ń ṣètò ìwé àdéhùn àti owó gbígbà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún jíìmù. Àwọn ìwé àdéhùn náà a máa so oníbàárà mọ́lẹ̀ fún ọdún kan, ọdún méjì, àní títí dé ọdún mẹ́ta. Àjọ ìjọba tí ń mójú tó òwò pè wọ́n lẹ́jọ́, ní oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni adájọ́ Kitchin sì dá a pé àdéhùn tí ó so irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ọdún kan lọ kò bá ẹ̀tọ́ mu, nítorí pé àwọn ènìyàn a máa ṣi agbára ara wọn dá nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, àwọn olówò náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ìlú New York, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ti gbogbo ilé ìdárayá pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, ilé iṣẹ́ kan, Town Sports International, ń bá a lọ láti máa fa owó oṣù jáde láti inú àkáǹtì àwọn oníbàárà rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà pè é lẹ́jọ́. Nínú oṣù yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ náà sì kéde ní ilé ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 sì ni àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ń dáàbò bo oníbàárà pe àwọn tó ni LA Fitness lẹ́jọ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n sọ ọ̀nà àbájáde di inira: ẹni tí ó bá fẹ́ jáwọ́ yóò tẹ fọ́ọ̀mù kan jáde, yóò sì wá ọ̀gá kan pàtó rí ní ibi iṣẹ́, tàbí kí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀sùn ni èyí, kì í ṣe ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àkíyèsí ibi tí ẹ̀sùn náà dá lé: ilẹ̀kùn ìwọlé fẹ̀, ilẹ̀kùn àbájáde há.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ohun tí a kà nípa àwọn ará òkèèrè kì í dun ni tó èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ẹni.

Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi kí ó tó fẹ̀yìn tì. Dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, pé kí ó máa ṣe eré ìdárayá. Ní àkókò náà ó ń gbé ní ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìlú ńlá kan, ó sì lọ sí jíìmù kan tí kò jìnnà sí wọn. Ní ọjọ́ tí ó fẹ́ sanwó, wọ́n gbé àga fún un, wọ́n bu omi tútù fún un, wọ́n ń pè é ní "Màmá wa." Owó ojúmọ́ jẹ́ N1,500, ṣùgbọ́n wọ́n rọ̀ ọ́ pé kí ó san ti ọdún kan, N120,000, kí ó lè jèrè. Nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni ó ti san án. Ó lọ ní ìgbà mọ́kànlá. Ní oṣù kejì, ó yọ̀ ṣubú ní ilé ìwẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Dókítà ní kí ó sinmi fún oṣù mẹ́ta.

Ó rán ọmọ rẹ̀ lọ. Kò ní kí wọ́n dá owó padà. Ó kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ọjọ́ náà dúró títí ara yóò fi yá ni. Wọ́n yí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ wínníwínní kan hàn án: owó tí a bá ti san kò ṣe é dá padà, ọjọ́ tí a bá ti kà kò ṣe é dá dúró. Ní ọjọ́ náà kò sí ẹni tí ó gbé àga, kò sì sí ẹni tí ó bu omi.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ní N1,500 jẹ́ N16,500. N103,500 tí ó kù, wọ́n gbà á lásán ni. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó dùn mí jù. Nígbà tí orúnkún san, ẹ̀gbọ́n mi kò padà sí jíìmù, kò sì rìn ní àdúgbò pàápàá. Ó ní eré ìdárayá kì í ṣe ti irú àwọn. Ó lé ní ọdún kan kí a tó rọ̀ ọ́ kí ó tún máa rìn, nígbà tí a sì fi máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn àgbà ní ọ̀kánjúwà ni baba àrùn. Ní ibi òwò yìí, òwe náà kì í ṣe àfiwé. Bí ó ti rí gan-an ni. Ẹni tí ó fi ọ̀kánjúwà ta gàrí, gàrí ni ó jẹ lára wa. Ẹni tí ó fi ọ̀kánjúwà ta ìlera, ìlera ni ó jẹ.

Ọmọ náà dá mi lóhùn, ó sì tọ́ kí n sọ ohun tí ó wí, nítorí pé ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo kì í tó dá. Ó ní, "Bàbá, ẹ kò mọ ìnáwó ibẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí lítà kan fò láti bí N190 sókè kọjá N500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ta ni ó lè tan jẹnẹrétọ̀ láìgba owó sílẹ̀? Owó ilé ń bẹ, ẹ̀rọ a sì máa bàjẹ́. Bí mo bá ń gba owó ojúmọ́ nìkan, òjò ọ̀sẹ̀ méjì yóò lé mi kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe rere náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nílé."

Òtítọ́ ni. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú àsansílẹ̀. Ìwé ìròyìn ń gba àsansílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ń gbà á, aránṣọ ń gbà á. Àwọn alájọ ní ọjà wa pàápàá, owó wa ni ó ń wà lọ́wọ́ wọn láti ọjọ́ kìíní oṣù títí dé ìparí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ èrè alájọ: owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni. Kò fi í pa mọ́. Bí oṣù bá parí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kó owó wá bá ọ, bí ìwọ tilẹ̀ gbàgbé. Bí ìròyìn bá kàn pé alájọ kan ń gbàdúrà kí àwọn tí ń dájọ máa gbàgbé owó wọn, ẹnikẹ́ni kò ní í pè é ní ọlọgbọ́n olówò. Orúkọ mìíràn ni a óo pè é. Nítorí náà, kí a gba owó sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi. Ẹ̀bi ni kí a fi ìrètí wa sí i pé ẹni tí ó san án kò ní í wá.

Ìjọba wa pàápàá kò fi ojú fo irú nǹkan báyìí dá. Òfin kan wà tí à ń pè ní Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Òfin yìí pàṣẹ pé kí olùtajà fi iye owó hàn gbangba; pé kí a kọ ìwé àdéhùn ní èdè tí ó yé ènìyàn; pé kí a má ṣe fi àdéhùn tí kò bá ẹ̀tọ́ mu de oníbàárà; àti pé bí iṣẹ́ tí a sanwó fún kò bá rí bí ó ti yẹ, kí olùtajà tún un ṣe tàbí kí ó dá èyí tí ó tọ́ padà nínú owó náà. Àjọ tí ń mú òfin yìí ṣẹ, tí a ń fi FCCPC pè, a máa gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ àwọn aráàlú. Ọ̀rọ̀ wínníwínní ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù kò lè pa ẹ̀tọ́ tí òfin fún ni rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ èyí ní ìgbà náà, èmi náà kò sì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ síhìn-ín, kí àwọn ẹlòmíràn lè mọ̀.

Mo wí fún ọmọ náà pé èmi yóò yá a lówó, ṣùgbọ́n àdéhùn márùn-ún ni èmi pẹ̀lú yóò kọ sílẹ̀, ní ọ̀rọ̀ gbàǹgbà.

Èkíní, kí ó kọ iye owó sí ẹnu ọ̀nà ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: ti ojúmọ́, ti oṣù, àti ti oṣù mẹ́ta, kí ohunkóhun má sì ṣe fara pamọ́ sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù.

Èkejì, kí ó má ṣe gba àsansílẹ̀ tí ó ju oṣù mẹ́ta lọ, àní lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń bẹ̀ ẹ́. Àti pé kí ẹni tuntun kọ́kọ́ máa san owó ojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lè mọ irú ẹni tí òun jẹ́ kí ó tó fi owó púpọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí oníbàárà bá ṣàìsàn, tàbí ó ń ṣọ̀fọ̀, tàbí ìdánwò dé bá a, tàbí iná kò sí tí ẹ̀rọ kò sì ṣiṣẹ́, kí a dá ọjọ́ rẹ̀ dúró. Ìpè kan lórí fóònù ti tó. Bí ilẹ̀kùn ìwọlé bá ti fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni kí ilẹ̀kùn àbájáde fẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹnìkan bá fẹ́ jáwọ́, kí a ka iye ọjọ́ tí ó wá, kí a yọ owó rẹ̀ ní iye ojúmọ́, kí a sì dá èyí tí ó kù padà fún un.

Ẹ̀karùn-ún ni ènì. Ẹni tí a kò bá rí fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a pè é kí a bi í léèrè àlàáfíà rẹ̀. Àti pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ó kó àwọn àgbà ìlú jọ, ẹni tí ó sanwó àti ẹni tí kò sanwó, kí ó bá wọn rìn lọ sí ọ̀nà oko kí wọ́n sì padà, láìgba kọ́bọ̀.

Ó gba èkíní, èkejì àti ẹ̀kẹta. Ní ti ẹ̀karùn-ún, ó rò ó díẹ̀, ó ní yóò ṣe é, nítorí pé ẹni tí ó bá bá ni rìn lónìí lè wọlé lọ́la. Mo ní kò burú. Ìyá aláàárí náà mọ̀ pé ènì a máa mú oníbàárà padà, síbẹ̀ ènì ni í jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2004, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Paul Sinton-Hewitt kó àwọn sárésáré mẹ́tàlá jọ ní Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù láti sá eré kìlómítà márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́. Parkrun ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí. Ó ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀, ó dé Gúúsù Áfíríkà, a kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń sáré títí di òní.

Ní ìhà tiwa náà, kò ṣàjèjì. Kí jíìmù tó dé, àwọn baba ńlá wa mọ̀ bí a ti ń mú ara le. Àwọn agbẹ́gilére ńlá ti agbègbè wa, Aréògún ará Òsì tí ó kú ní ọdún 1954, àti Bámigbóyè ará Odò-Ọwá tí ó kú ní ọdún 1975, gbẹ́ àwọn ère Ẹpa tí òmíràn nínú wọn ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni yóò rù ú lórí, tí yóò jó, tí yóò sì fò gun orí òkìtì yẹ̀pẹ̀ láìjẹ́ kí ó yẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn inú rẹ̀ kọ́ ni mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ agbára ni mo ń sọ. Agbára yẹn, a kò tà á fún un. Oko, odò, ìjàkadì àti ẹgbẹ́ ni ó fi kọ́ ọ, nígbà tí ó sì fò ó dáradára, gbogbo ìlú ni ó yọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni a ti ń jà. Ó ní, "Bàbá, owó náà yóò ti di epo. Níbo ni èmi yóò ti rí i dá padà?" Èmi kò dáhùn. Mo dìde, mo sì mú rìsíìtì ìyá rẹ̀ jáde, èyí tí ó ti wà nínú àpótí mi láti ìgbà náà. Mo fi í lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú kálàmù, mo ní, "Fi òfin ẹ̀kẹrin ṣe ìṣirò èyí fún mi. Èló ni ìyá rẹ ìbá gbà padà?"

Ó kọ ọ́. Ó yọ ọ́. Ó tẹjú mọ́ N103,500 fún ìgbà pípẹ́. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀wà nìkan ni a ń gbọ́ tí ń bọ́ sínú àwo. Nígbà tí ó ṣe, ọmọ náà ní, "Bí mo bá ṣí àkáǹtì mìíràn fún owó àsansílẹ̀, tí mo sì ń fa owó oṣù kan péré jáde nígbà tí oṣù náà bá parí, yóò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n èrè náà yóò kéré, Bàbá." Mo ní, "Yóò kéré. Ṣùgbọ́n tìrẹ ni yóò jẹ́."

Mo ti fún un ní ìdajì owó náà. Ìdajì kejì di ọjọ́ tí mo bá fi ojú mi rí iye owó lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe dá olówò nìkan lẹ́bi. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ sí jíìmù, níhìn-ín tàbí ní ìlú ńlá, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ san owó ojúmọ́ fún oṣù kan, kí ẹ sì kọ iye ìgbà tí ẹ lọ sílẹ̀. Ìwé náà yóò sọ òtítọ́ tí ọkàn yín kò ní í sọ. Ẹ ka iwájú fọ́ọ̀mù, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó pé, "Bí mo bá fẹ́ jáwọ́, kí ni èmi yóò ṣe?" Bí ẹni tí ń tà bá ń kólòlò lórí ìbéèrè yìí, ẹ mú owó yín padà sílé. Ẹ má sì ṣe rò pé láìsí ẹ̀rọ kò sí ìlera. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ti ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀, bí ẹni tí ń yára rìn, kí ó sì ṣe ohun tí yóò mú iṣan le ní ó kéré tán ọjọ́ méjì. Ìdajì wákàtí ni ní ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tí ń rokò, tí ń gun òkè, tí ń pọn omi, ti ń san púpọ̀ nínú gbèsè yìí láìmọ̀. Ẹni tí ó ń jókòó ní ọ́fíìsì ni kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tí ń wọ òwò, irú òwò yòówù kí ó jẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè ohun kan ṣoṣo tí mo bi ọmọ yìí: oníbàárà rẹ, ṣé o fẹ́ kí ó padà wá? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bá a yọ̀, ẹ sì fún un ní ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ mú un jókòó.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, bí ó ti ń dìde láti gbé ẹ̀wà rẹ̀ wọ inú ilé ìdáná ní ìrọ̀lẹ́ náà, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ní Sátidé tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí o wá pè mí. Orúnkún mi kò yára mọ́, nítorí náà ẹ óo rọra rìn." Ọmọ náà ní, "Ẹ kò ní í sanwó, Màmá." Ó ní, "Mo ti san án tẹ́lẹ̀."

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí a máa bá ara wa ní àlàáfíà.